Abẹ́rẹ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀dọ̀

Ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà ni Lioba Hauger máa ń rà lọ́wọ́ Eugen Buschle alápatà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ènìyàn mẹ́ta péré ló ń gbé ilé rẹ̀: òun fúnra rẹ̀, Anton ọkọ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pínpín lẹ́tà, àti Kreszentia ìyá Anton, ìyá àgbà ọlọ́dún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tí eyín ẹnu rẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ. Ẹ̀dọ̀ mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan! Tuttlingen, ìlú wa ní ilẹ̀ Jámánì, kì í ṣe ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń pamọ́ sí. Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù lẹ́ẹ̀mẹjọ, ẹni tó ń gbé lápá ìhín odò àti ẹni tó ń gbé lápá ọ̀hún á ti gbọ́.

"Ẹ̀dọ̀ mẹ́fà," Eugen á wí, á sì máa fi bébà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Lioba, kí n kúkú máa da ẹlẹ́dẹ̀ lóòyè wá sílé yín, kẹ́ ẹ máa yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fúnra yín."

"Máa dà á bọ̀. Ṣáà kọ́ ọ kó máa nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé."

"Sọ òótọ́ fún mi. Anton nìkan ò lè jẹ gbogbo eléyìí tán. Ta ló ń jẹ ẹ́?"

"Abẹ́rẹ́ ló ń jẹ ẹ́."

"Abẹ́rẹ́ ọ̀hún ò mà sanra o," ni Eugen á fi kún un, àwọn obìnrin tó tò sẹ́yìn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Eugen ń pa ẹran, ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ẹ̀dọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni Lioba sì ń rà. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni orúnkún ti ń da Eugen láàmú, ló bá fi ti ọjọ́ Ajé sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúnkún Eugen sọ́kàn, nítorí òun ló bí gbogbo wàhálà tó wà nínú ìtàn yìí.

Lioba kò purọ́ fún wọn. Abẹ́rẹ́ ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ náà lóòótọ́. Ní ìlú wa, ẹni tí kì í bá rọ ọ̀bẹ àti ẹ̀mú tí àwọn dókítà fi ń ṣiṣẹ́ abẹ, ìyàwó rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ló ń ṣe é. Sísọ́ọ̀sì ni bàbá Lioba ń pọ́n títí tó fi kú. Lioba náà kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà tó wọ ilé iṣẹ́ Dreher, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi í sídìí irin dídán. Ọdún kọkànlélógójì rẹ̀ nìyí níbẹ̀. Dreher àgbà ti kú, Ottmar ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ọwọ́ Lioba ló mọ abẹ́rẹ́ jù. Bí irin bá ní ṣákiṣàki wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, tí awò tó ń sọ nǹkan di ńlá pàápàá kò rí, ìka Lioba á rí i.

Ṣé Ottmar wá máa ń yìn ín? Ẹ má jẹ́ ká rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ ṣókí ni Ottmar, ó sì jẹ́ ọmọ ìlú wa tinútòde. Bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò bá dára, á sọ fún ọ lójú gbogbo ayé. Bó bá dára, á gbé e kúrò níwájú rẹ, á sì gbé òmíràn síbẹ̀. Ìyìn tó wà nìyẹn. Lioba kò retí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí bàbá rẹ̀ náà ti ṣe nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń ṣe nídìí oúnjẹ lójoojúmọ́ ayé.

Ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú ìrora orúnkún Eugen ni oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Dókítà Faist wá láti ilé ìwòsàn ńlá kan nísàlẹ̀ àfonífojì, tó jókòó sórí àpótí nínú ilé iṣẹ́ wọn, tó sì tú ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ní jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀ ló ń tọ́jú.

"Ẹ̀dọ̀ kò dà bí ẹran apá tàbí ti ẹsẹ̀," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bí mo bá fọ̀bẹ kàn án báyìí, ó di kó máa ṣàn. N kì í rí ibi tí mò ń gé mọ́. Mo ti rí ẹ̀rọ tó ń gbé iná mànàmáná jáde bíi ìgbì rédíò, irú èyí tó ń gbé ohùn wọ inú rédíò ilé yín. Bí mo bá darí rẹ̀ sẹ́nu abẹ́rẹ́, ó ń mú kí ẹran tó yí abẹ́rẹ́ ká jinná níbi tó wà. Mo fẹ́ abẹ́rẹ́ tí yóò se ojú ibi tí ọ̀bẹ máa gbà kí n tó gé e, tí yóò sì se kókó jẹjẹrẹ mọ́ inú ẹ̀dọ̀ fún ẹni tí a ò lè là rárá. Ẹ̀dọ̀ tó bá ti jinná kì í ṣẹ̀jẹ̀."

"Gbogbo ẹni tó ń dáná ló mọ ìyẹn," Lioba wí láti ìdí iṣẹ́ rẹ̀, láìgbé ojú sókè.

Ottmar wò ó bíi kó pa á. Ṣùgbọ́n dókítà yí àpótí rẹ̀ padà síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ìyáàfin, ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ kò ní wàhálà kankan, abẹ́rẹ́ ló ní in. Bí iná bá ti ń wọ inú ẹ̀dọ̀, ibi tó kan abẹ́rẹ́ á gbẹ, á di èépá dúdú, èépá náà á sì lẹ̀ mọ́ irin pinpin bí ìdí ìkòkò tó jóná. Tó o bá wá fa abẹ́rẹ́ jáde, á bá èépá wá, ibi tó ti dí tẹ́lẹ̀ á tún là, ẹ̀jẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí wá ni èrè rẹ̀? Lioba dán abẹ́rẹ́ títí èèyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó lẹ̀. Wọ́n fi wúrà bò ó. Ó lẹ̀. Wọ́n fi nǹkan tí wọ́n fi ń tẹ́ inú páànù kí ẹyin má bàa lẹ̀ mọ́ ọn bò ó, ìyẹn sì bó kúrò bí awọ ọ̀dùnkún. Ọdún kan kọjá, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Kò sú Lioba o. Bí nǹkan bá ń ṣagídí sí i, ìgbà yẹn gan-an ni ara rẹ̀ ń yá.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, lọ́jọ́ Ajé kan, ó fa abẹ́rẹ́ jáde nínú ẹ̀dọ̀, abẹ́rẹ́ sì mọ́ tónítóní. Ó tún un ṣe, ó tún mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìdánwò mẹ́rìnlá ló ṣe, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ló yọrí sí rere. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó tò bí ìlà ebè. Ó rò pé dídán tuntun tí òun ṣe sí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ló mú un wá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin nídìí iṣẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ottmar ka ìwé náà látòkè délẹ̀, ó gbé e kúrò níwájú rẹ̀, ó sì lọ pe dókítà lórí fóònù.

Dókítà fò sókè. Ó ní òun ń bọ̀ ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wá fojú ara òun rí i, kí òun tó gbé e síwájú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn. Ó ní obìnrin kan wà tó ń ta òdòdó létí ibùdókọ̀ ojú irin, kókó rẹ̀ wà níbi tí ọ̀bẹ lásán kò gbọdọ̀ dé. "Mo ti sọ fún un pé nǹkan kan ń bọ̀ láti Tuttlingen," ló wí. "Ó ń retí wa."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Lioba se ẹ̀dọ̀ lọ́sàn-án. Nínú mẹ́fà tó rà ní Ọjọ́bọ̀, márùn-ún ti tó fún dókítà, ọ̀kan ló ṣẹ́ kù nílé iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ kò ní kàn, ẹnikẹ́ni kì í sì í da oúnjẹ nù ní ìlú wa. Ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ó fi àlùbọ́sà àti bọ́tà dín in, ó da fínígà sí i kó kan díẹ̀, ó sì gbé e síwájú ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dùnkún díndín.

Kreszentia jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó tu ú sẹ́bàá àwo.

"Bàtà ta lo sè yìí?"

"Ẹ̀dọ̀ ni, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ni kó o tó wí. Kí ló dé tó o fi iyọ̀ sí i kó tó kan iná?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Lioba. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá ní ìlú wa mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ kì í rí iyọ̀ àfi tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò le koránkorán. Kí wọ́n wá sọ fún obìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta pé kò mọ̀!

"Ìyá, n ò fi iyọ̀ kankan sí i. Iyọ̀ rèé lórí tábìlì, mi ò tíì fọwọ́ kàn án."

"Ahọ́n mi ló wá ń purọ́. Anton, tọ́ ọ wò."

Anton tọ́ ọ wò, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ ohun tí ọkùnrin tó gbọ́n máa ń sọ. "Ọ̀dùnkún yìí dùn gan-an."

Lioba fi fọ́ọ̀kì gún ẹ̀dọ̀ náà láti fi hàn pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Kó tó gbé e dẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rántí garawa.

Láti ìgbà tí Eugen kò ti pa ẹran ní ọjọ́ Ajé mọ́, ẹ̀dọ̀ tí Lioba bá rà ní Ọjọ́bọ̀ ló gbọ́dọ̀ lò títí di Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì ló fi ń dán abẹ́rẹ́, ọjọ́ Ajé ni ìdánwò máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀dọ̀ má bàa bàjẹ́, ó ń rẹ ẹ́ sínú garawa omi iyọ̀ nínú fíríìjì ilé iṣẹ́, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe sí ẹran láyé ogun. Kò tilẹ̀ kà á sí nǹkan. Kò kọ ọ́ sínú ìwé. Ta ló ń kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò fi oúnjẹ ṣòfò? Ará ìlú mìíràn á ti da ẹ̀dọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin nù, á ra tuntun, kò sì ní bọ́ sínú ọ̀fìn yìí láéláé.

Kò parí oúnjẹ. Pẹ̀lú ẹ́pírọ́ọ̀nù lára ló gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Eugen, tó ń fọ tábìlì kó lè ti ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé ẹ̀dọ̀ kan ò kù lọ́wọ́ rẹ? Èyí tí kò rí omi o."

"Lónìí? Ikùn abẹ́rẹ́ yẹn ti wá di kànga!"

"Eugen, mo bẹ̀ ọ́, má fi mí ṣeré."

Ó wo ojú rẹ̀, kò bá a ṣeré mọ́, ó sì fún un ní èyí tó fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Lioba gbé e dé ilé iṣẹ́ tó dá páropáro, ó fi abẹ́rẹ́ tó dára jù lọ nínú gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí i, ó tan ẹ̀rọ, ó ka iye ìṣẹ́jú tó máa ń kà, ó fà á. Ó lẹ̀. Èépá dúdú bá a jáde, ó tóbi tó èékánná, ihò tó fi sílẹ̀ sì là kalẹ̀. Ó jókòó. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Iyọ̀ ni.

Ká má purọ́, èrò kejì wá. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó lè fi márùn-ún tó kù sílẹ̀ nínú garawa di Ọjọ́rú, dókítà á rí abẹ́rẹ́ tó mọ́ tónítóní, inú gbogbo ènìyàn á sì dùn. Èrò náà kò pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó ń ta òdòdó yẹn ló wá sí i lọ́kàn, ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀, ó sì dìde.

Aago mẹ́rin ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Gbogbo ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe ní ìlú wa ń gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ ní àkókò yẹn, ìbáà jẹ́ ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án lábẹ́ rẹ̀. Ottmar wà níta pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ilẹ̀ tó ń gbá ti mọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá," Lioba wí, "iyọ̀ ni."

"Iyọ̀ wo?"

Ó rò ó fún un látorí orúnkún Eugen dórí bàtà tí ìyá ọkọ rẹ̀ tu sí àwo. Kò fi nǹkan kan bò. Ottmar kò dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró.

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, Ọ̀gá."

Ó gbá ewé méjì jọ, ó fi wọ́n sínú ìkódọ̀tí. "Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

"Ìyá ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ ò ju pé ẹ̀dọ̀ le."

"Wọ́n mọ̀ jù wá lọ nìyẹn." Ó gbé agé ìbomirin, èyí tí ẹnu rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, ó sì ń wọ́n omi sórí òkúta ojú ọ̀nà kí eruku má bàa gbéra. "Dókítà ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. A óò sọ fún un."

"A" ló wí, kò wí pé "wàá". Lioba gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sẹ́nu agé náà. Omi ń kán níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò pọ̀, kò dáwọ́ dúró, ìgbálẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e, eruku kankan kò sì gbéra.

"Ọ̀gá. Bó bá ṣe pé iyọ̀ àti omi ló ṣiṣẹ́ yẹn, kí ló dé tá a fẹ́ lé wọn lọ?"

"Báwo?"

"Abẹ́rẹ́ tó ní ihò nínú. Tó ní ojú wẹ́wẹ́ lẹ́nu, bí agé yín yìí. Kí omi iyọ̀ máa kán jáde nínú rẹ̀ bí iná ti ń ṣiṣẹ́, kí ibẹ̀ má rí àyè gbẹ. Omi iyọ̀ tí ilé ìwòsàn ń fà sí ara aláìsàn, wọ́n ní in nínú àpò lọ́pọ̀ yanturu."

Ottmar yí ẹnu agé sókè wò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀la, Àìkú ni."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá."

"Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà."

Ọjọ́ Àìkú yẹn gùn jù lọ nínú ayé Lioba. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí àlùfáà sọ. Ní ọjọ́ Ajé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà nídìí ọ̀pá irin tín-ín-rín oníhò, ó ń lu ojú sí i lẹ́nu, ojú tó kéré débi pé irun orí kan ló lè gba ibẹ̀. Irin ìluhò mọ́kànlá ló dá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ottmar fúnra rẹ̀ ló ń gbé òmíràn lé e lọ́wọ́. Eugen gbà láti pa ẹran méjì níta àkókò, ọ̀kan fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kan fún Ọjọ́rú, ó sì ń kùn pé orúnkún òun kò sí lábẹ́ Dreher.

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ tóbi jù. Omi ya bo ẹ̀dọ̀, iná tàn káàkiri, òkè nìkan ló funfun, inú tútù. "Ọbẹ̀ lo sè," ni Ottmar wí. Abẹ́rẹ́ kejì, ojú rẹ̀ kéré, ó sì wà lọ́nà mẹ́rin. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi í sí ìyókù ẹ̀dọ̀ náà, ẹ̀dọ̀ tútù tí kò rí garawa rí, ó sì fà á. Ó mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, nítorí ẹ̀dọ̀ tán.

Ní Ọjọ́rú, Dókítà Faist wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó béèrè ìwé àkọsílẹ̀. Lioba kò gbé e fún un. Ó gbé rúlà àti báírò pupa, ó ṣí ìwé náà níwájú rẹ̀, ó sì fa ìlà gba inú ìdánwò kìn-ín-ní, gba inú èkejì, títí dé ẹ̀kẹrìnlá, bó ti ń fà á ló ń sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú dókítà díẹ̀díẹ̀. Ottmar dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lioba, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

"Ìyáàfin Hauger," dókítà wí nígbà tó parí, "ká ní ẹ ò sọ fún mi ni, n ì bá má mọ̀."

"Obìnrin tó ń retí wa yẹn ò sí nínú garawa omi iyọ̀, Dókítà."

Dókítà pa ìwé náà dé. Ìgbà náà ni Eugen wọlé pẹ̀lú bàtà funfun ìpẹran rẹ̀, ó gbé ìkòkò tó fi aṣọ bò dání. Ẹ̀dọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ló wà nínú rẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Mo fẹ́ rí abẹ́rẹ́ tó ti jẹ ẹ̀dọ̀ mi láti ọdún méjì," ló wí, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri, kò sẹ́ni tó lè lé e.

Dókítà wọ ìbọ̀wọ́. Lioba so okùn omi iyọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, ó rí i pé ó ń kán, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ wọlé, ẹ̀rọ dún, ooru gbéra wẹ́rẹ́, àwọ̀ ẹ̀dọ̀ ń yí padà yíká abẹ́rẹ́, ó ń funfun, ó ń funfun. Dókítà pa ẹ̀rọ. Ó fà á.

Ó yọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò bá nǹkan kan wá.

Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà, ní ìlà kan ṣoṣo, ó sì gbé ọ̀bẹ gba ojú ìlà náà. Ìyókù ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ẹ̀dọ̀ náà kò jáde. Ojú ibi tó gé gbẹ, ó mọ́. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbá Lioba mọ́ra, ó ní irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí, ó ní ọwọ́ rẹ̀ kò ní rọ, ó ní gbogbo nǹkan tí àwọn ènìyàn ìlú wa kì í sọ. Lioba kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Eugen ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹlẹ́dẹ̀ òun ni.

Ottmar ti mú abẹ́rẹ́ lọ sójú fèrèsé. Ó fi awò wo ṣóńṣó rẹ̀, ó yí i, ó tún wò ó.

"Ó ṣe é fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí.

Ẹni tó bá jẹ́ àlejò á rò pé kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélógójì ni Lioba ti wà níbẹ̀, kò sì gbọ́ gbólóhùn yẹn rí. Ó ní òun fẹ́ lọ fọ garawa, ó dé ẹ̀yìn, ó sì sunkún ayọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀.

Wọn kò kánjú. Ìdánwò mìíràn tún wà, ìgbìmọ̀ tún jókòó, oṣù márùn-ún kọjá. Ní ìgbà tí yìnyín ń kásẹ̀ kúrò nílẹ̀ ni Dókítà Faist pe ilé iṣẹ́ pé òun ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin tó ń ta òdòdó, pé ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn kò tó ife tíì kan, obìnrin náà sì ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà pé òun fẹ́ lọ sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìkòkò òdòdó aláwọ̀ òféèfèé dé. Ottmar gbé e sójú fèrèsé, níbi tí kò ti ní dí ìmọ́lẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Lioba rí bébà àwòrán abẹ́rẹ́ náà, èyí tí wọn yóò máa tẹ̀ lé láti fi ṣe púpọ̀. Ní ìlú wa, orúkọ dókítà ni wọ́n fi ń pe irinṣẹ́. Ẹ̀mú báyìí ń jẹ́ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n báyìí, ọ̀bẹ tọ̀hún ń jẹ́ ti òmíràn. Ẹni tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe é, kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. Lioba wo ìsàlẹ̀ bébà níbi tí orúkọ máa ń wà, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un wò.

"Ọ̀gá, Hauger ni wọ́n kọ síbí."

"Èmi ni mo kọ ọ́. Dókítà ní a ò gbọdọ̀ kọ ti òun. Ṣé mo ṣi í kọ ni?"

"Rárá o, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ ọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Ottmar wí, ó gbé bébà kúrò níwájú rẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ mìíràn síbẹ̀.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, Lioba se ẹ̀dọ̀ tó rà lọ́wọ́ Eugen láàárọ̀, èyí tí kò rí garawa, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti fínígà. Ó ti pinnu pé òun kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú un mọ́ra.

"Ìyá, wọ́n ti sọ abẹ́rẹ́ náà lórúkọ. Abẹ́rẹ́ Hauger."

Kreszentia ń jẹun lọ. "Orúkọ mi nìyẹn."

"Orúkọ wa ni, Ìyá."

"Orúkọ mi ni. Bühler lò ń jẹ́ nígbà tó o gbé àpótí rẹ wọlé yìí, mo ṣì rántí àpótí ọ̀hún. Ta ló sọ fún yín pé iyọ̀ ni?"

"Ìyá," Anton wí, ẹ̀rín ti ń pa á, "ẹ̀yin náà, ilé ọkọ lẹ ti rí i."

"Dákẹ́ ẹnu rẹ. Ta ló bí ọ?"

Lioba gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀. Òótọ́ ni ìyá àgbà sọ. Ọ̀pọ̀ awò, ẹ̀rọ àti ìwé ló wà nílé iṣẹ́ yẹn, eyín mẹ́jọ péré ló sì rí ohun tí gbogbo wọn kò rí. Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Orúkọ yín ni wọ́n fi pè é."

"Ẹn-ẹn." Ìyá àgbà ti àwo rẹ̀ síwájú, ó ti jẹ ẹ́ tán pátá. "Bù sí i fún mi. Tòní ò burú."

Lioba bù ú fún un, ó mú iyọ̀ lórí tábìlì, ó sì wọ́n ọn sí i níkẹyìn.